Ìyá Àgbà Tó Jókòó Lẹ́yìn Ìlà

Nígbà tí a sin ìyá tó bí ìyá mi tán, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ẹni tó jẹ́, mo sì rí i pé òkú kì í jiyàn. Wọ́n ní onísùúrù ni. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Àbúrò mi wò mí, mo wò ó, àwa méjèèjì sì dorí kodò kí ẹ̀rín má baà pa wá níwájú àlùfáà. Ìyá Àgbà tí èmi mọ̀, tí gbogbo ará ọ̀nà Ìjagun ń pè ní Ìyá Olú, sùúrù rẹ̀ kò kún ṣíbí. Ó láàánú o, ó gbọ́n, ó sì fẹ́ràn wa, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi pè é ní onísùúrù. Bó bá gbọ́ ọ níbi tó wà, òun fúnra rẹ̀ á béèrè pé òkú ta ni wọ́n ń sin.

Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò tò lẹ́sẹẹsẹ, n ò sì ní fipá tò ó. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí rẹ̀. Àpótí igi kékeré kan ni. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbé e sí, lẹ́bàá àgọ́ tó ti ń yan gààrí, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá pápá ilé ìwé gírámà pààlà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà dé pápá gba iwájú àpótí náà kọjá, òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ kí i, ìkíni náà sì gbọ́dọ̀ pé. Obìnrin á kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, àyà á sì kan ilẹ̀. Èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe, tí wọ́n á tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n á fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́, kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa dán an wò. Lọ́jọ́ Àjíǹde kan, ó wọ kóòtù tuntun, ó dé iwájú Ìyá Àgbà, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà pè é padà. Kátíkíìsì ṣàlàyé pé ìgbéraga kọ́, aṣọ òun ló jẹ́ tuntun. Ìyá Àgbà ní, "Aṣọ rẹ ni tuntun. Àgbà tèmi ti pẹ́." Ìjà náà bá wọn dé ìgbà ìkórè. Bí kátíkíìsì bá ń ka ìfilọ̀, Ìyá Àgbà á kọjú sí ògiri. Ìgbà tí ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn ìsìn ìkórè, Ìyá Àgbà gbọn erùpẹ̀ àyà rẹ̀ nù fúnra rẹ̀, ó fún un ní gààrí, ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé kátíkíìsì ni ọmọlúwàbí jù lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Gààrí rẹ̀ yẹn, ẹ má gbọ́ ọ lásán. Ó kan, ó gbẹ, ó sì mọ́. Bí o bá bù ú sọ́wọ́, á máa dún ṣàràṣàrà. Omi tútù àti ẹ̀pà nìkan ló gbà láyè nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti Èkó wá da mílíìkì sí i nígbà kan, Ìyá Àgbà sì gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó lọ mu mílíìkì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má fi gààrí òun ṣe ẹlẹ́rìí.

Èmi náà kò kúkú jẹ́ ọmọ ibẹ̀ pátápátá. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá mi lọ sí Òkè Ọya láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ìwé mi má baà dà rú. Odidi ọdún kan ni mo fi wà ní ilé ìwé gírámà yẹn láìní ọ̀rẹ́ kan. Wọ́n ń fi ohùn Ìbàdàn mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá kúkú pa ẹnu mọ́. Bí agogo bá ti lù, ilé ni, n ó jókòó ti agbada gààrí, n ó máa ka ìwé. Ìyá Àgbà kì í sọ nǹkan kan sí i. Àlàó ló ń pè mí, òun nìkan ló sì ń pè mí ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni kópà kan dé láti Jọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Dánládì. Ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ni wọ́n ní kó wá kọ́ wa, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan wà nínú àpò rẹ̀ tí a kò rí irú rẹ̀ rí, ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Ó ní rọ́gíbì ni wọ́n ń pe eré náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n lè jù ú sí, ẹni tó bá sì gbé e kọjá ìlà ìparí pápá kò tíì jẹ àmì mẹ́rin rẹ̀ àfi bó bá gbé e kanlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gbá kò dá a lóhùn. Àwa tí wọn kì í mú sí nǹkan kan la lọ. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni eré náà ń fẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé la sì jẹ́. Ìyẹn ni pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lé mi. Ẹ tún wo irú eré tó jẹ́: ẹ ó di ara yín mú, ẹ ó ki orí bọ abẹ́ abíyá ara yín, ẹ ó máa ti àwọn ẹlòmíràn bí àgbò. Ẹni tí o bá ti ki orí bọ abẹ́ abíyá rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ò tún lè ṣe àjèjì sí ara yín mọ́. Kí oṣù tó parí, mo ti ní ọ̀rẹ́ mẹ́rìnlá.

Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn eré náà rárá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí wa tí a wó lé ara wa lórí, ó fi agbada sílẹ̀, ó wá béèrè lọ́wọ́ Kópà Dánládì pé kí ni a ń wá lábẹ́ ibẹ̀. Mo ṣe ògbufọ̀. Kópà ní bọ́ọ̀lù ni. Ìyá Àgbà mi orí. "Wọ́n sùn lé e lórí, wọ́n wá ń wá a."

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ fi ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan gbá a sókè, ó yí lójú afẹ́fẹ́, ó sì bọ́ sínú agbada níbi tí gààrí ti ń gbóná. Ìyá Àgbà fi igbá yọ ọ́, ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó so ó kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yẹn la ní. Gbogbo wa pẹ̀lú kópà ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ó tò wá lẹ́sẹẹsẹ, ó ní kí a kí òun ní ìkọ̀ọ̀kan, ó sì ń bẹ àyà wa wò bóyá ó kan ilẹ̀. Nígbà tó kan Kópà Dánládì, kò mọ bí wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀, ló bá kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní rírìn, ó ń sọ pé, "Máa bọ̀ nílẹ̀. Máa bọ̀. Ó kù díẹ̀." Ọmọ Jọ́ọ̀sì náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń gba iwájú àpótí kọjá láìdọ̀bálẹ̀ nínú wa, bí a bá ń lọ sí pápá àti bí a bá ń bọ̀. Ó mọ́ wa lára débi pé a kì í ronú sí i mọ́. Bí a bá rí i ni, a ti wà nílẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ gààrí sínú ọpọ́n ńlá dè wá. Á máa kùn, á ní àwọn eṣú inú Bíbélì kò jẹun tó wa, á sì tún bu ẹ̀pà kún un.

Ẹni tó fẹ́ràn jù nínú wa ni Rafíù, ọmọ Alájì kan tó ń ta aṣọ. Rafíù ló mọ eré sá jù, kò sí ẹni tó lè lé e bá. Àléébù kan ló ní: ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Ó máa ń lọ ṣòkòtò péńpé funfun tó fi ń ṣeré rọ́gíbì, ó sì ní áńkáṣíìfù kan tó máa ń tẹ́ sílẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà kó tó dọ̀bálẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àyà rẹ̀ ń dé ilẹ̀ dáadáa. Ó máa ń fi í bú àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹni tó ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run lójoojúmọ́ kò lè ṣe ìmẹ́lẹ́ níwájú àgbà.

Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó yìí ló fẹ́ pa wá. Yangí pupa ni ilẹ̀ pápá wa. Rafíù á gba bọ́ọ̀lù, á sá fún gbogbo ènìyàn, á kọjá ìlà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì kó lè rí ibi tó mọ́ tí yóò gbé bọ́ọ̀lù lé. Níbi tó bá ti ń yan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, àwọn tó ń lé e á dé, wọ́n á gbé òun àti bọ́ọ̀lù jù síta. Báyìí la ṣe pàdánù gbogbo ìdíje tí a lọ. Kópà Dánládì bá a sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyá Àgbà náà ń wò láti orí àpótí. "Ọmọ yìí," ló máa ń wí, "ilẹ̀ kò ní jẹ ọ́."

Ọ̀gá ilé ìwé wá pè wá jọ. Ó ní gbogbo ilé ìwé ló ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ìdíje kan péré ló kù nínú sáà yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ayépé ló ń bọ̀ wá bá wa. Bí a kò bá borí, ẹgbẹ́ rọ́gíbì ti túká, òun yóò sì kọ ebè sí apá ibi tí a ń lò, òun yóò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ó ti bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ pàápàá, pé òun ni ilé ìwé yóò máa kó ẹ̀gẹ́ náà fún láti fi yan gààrí. Ẹ ò rí i pé ohun tó dára gan-an ni fún un. Láti Ìmùsìn ló ti ń kó ẹ̀gẹ́, lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún. Ẹ̀gẹ́ tó máa hù sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn àdúrà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì lè bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò lè jẹun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ẹgbẹ́ bá túká, mo mọ ibi tí mo ń padà sí: ẹ̀gbẹ́ agbada, èmi àti ìwé mi.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ọmọ Ayépé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ga, wọ́n síngbọnlẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wá. Wọ́n kọjá níwájú àpótí bí ẹni tí kò sí ènìyàn níbẹ̀. Èyí tó ṣáájú wọn tún ju ọwọ́ sókè, ó ní, "Màmá, báwo ni?" Ìyá Àgbà dúró di ìgbà tí wọ́n lọ tán, ló bá fi Ìjẹ̀bú bọnu, nítorí Yorùbá inú Bíbélì ló ń sọ bí inú rẹ̀ bá dùn, Ìjẹ̀bú Ìmùsìn sì ni bí inú bá bí i. “Dede” ni wọ́n ń pe “gbogbo” níbẹ̀. "Dede wọn!" ló ń wí. "Kò sí ẹyọ kan tó kí mi nínú dede wọn!"

Ó pè mí, ó béèrè apá ibi tí a máa dojú kọ lẹ́yìn ìsinmi. Mo fi hàn án. Ó tún béèrè igun tí Rafíù máa ń sá gbà. Mo ní igun ọ̀tún ni, nítòsí igi gúáfà. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó rìn la pápá kọjá, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn ìlà nítòsí igi gúáfà náà. Mo rò pé ibòji ló ń wá.

Àwọn ọmọ Ayépé fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì kọjá, wọ́n sì jẹ àmì mẹ́ta ní apá kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn a tì wọ́n, wọ́n tì wá, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí àkókò fẹ́ tán, bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti abẹ́ òkìtì ènìyàn. Mo jù ú sẹ́yìn fún Rafíù, ó sì gbéra. Ó kọjá ẹni kìíní, ó kọjá ẹni kejì, ó kọjá ìlà. Gbogbo wa ń pariwo pé kó gbé e kanlẹ̀. Rafíù dúró, ó wo ọ̀tún, yangí. Ó wo òsì, yangí. Ẹni tó tóbi jù nínú àwọn ọmọ Ayépé sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní bíréékì. Ó wo iwájú, ó sì rí Ìyá Àgbà lórí àpótí, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tó ń wò ó.

Rafíù kò rántí áńkáṣíìfù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà lórí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀. "Ẹ káàsán, mà." Ọmọ Ayépé gbọ̀ngbọ̀n náà wó lé e lórí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Láti abẹ́ ibẹ̀, Rafíù ní àlàáfíà ni wọ́n wà.

Rẹ́fírì fọn fèrè pé àmì mẹ́rin ni, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Ayépé ní ọmọ náà kò jẹ àmì, àgbà ló kí. Rẹ́fírì, tíṣà láti ilé ìwé mìíràn, wá sí iwájú Ìyá Àgbà kó wádìí. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀. Ìyá Àgbà ń wò ó títí ó fi dọ̀bálẹ̀ tán pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Nígbà tó dìde, ó bi Rafíù pé kí ló ní lọ́kàn láti ṣe. Ọmọlúwàbí ni Rafíù, kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Mo kí Màmá ni, sà."

Mo rí ebè lórí pápá náà. Mo rí ewé ẹ̀gẹ́. Tíṣà Ayépé ti ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ́fírì sì ti ń gòkè láti fagi lé àmì wa, ni Ìyá Àgbà bá sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, bọ́ọ̀lù yẹn kan ilẹ̀ àbí kò kan ilẹ̀?"

Rẹ́fírì ní ó kan ilẹ̀.

"Ó tán. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ, Ọlọ́run ló ń ṣe rẹ́fírì ìyẹn."

Ọkùnrin náà ronú, ó wo ilẹ̀, ó wo Ìyá Àgbà, ó sì ní àmì dúró. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, mẹ́rin sí mẹ́ta ni. Wọ́n gbé Rafíù sókè, òun sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra nítorí ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wá bá Ìyá Àgbà, ó ní ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló bá eré lọ yẹn. Ìyá Àgbà ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé ọ̀gá rí bí àwọn ọmọ Ayépé ṣe gba iwájú òun kọjá? Gbogbo àdúgbò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, wọ́n ń sọ ọ́ pé Ìyá Olú gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ayépé. Ó tún ń bá a lọ láti máa kó ẹ̀gẹ́ láti Ìmùsìn, ó ń kùn sí ẹ̀yìn rẹ̀, a sì ń bá a sọ ọ́ kalẹ̀, àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí Kópà Dánládì parí ìsìnlú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un kó tó wọkọ̀, àyà rẹ̀ sì kan ilẹ̀ ju ti kátíkíìsì lọ.

Èmi náà gbà pé ìbínú Ayépé ni. Ìgbà tí mo ti di bàbá ọmọ, tí mo wá kí i, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, ni mo tó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní kí ni àwọn ọmọdé yẹn ṣe tó fi jẹ́ pé ó pàdánù odidi oko ẹ̀gẹ́ nítorí wọn. Kò gbójú sókè.

"Ta ló ń bá ọmọdé bínú tó bẹ́ẹ̀?" ló wí. "Odidi ọdún kan lo fi wà lọ́dọ̀ mi tí ẹnìkan ò wá béèrè rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń fetí sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù burúkú yẹn wá dé, ilẹ̀kùn mi ò sì sinmi mọ́. Ẹ̀gẹ́ dára, Àlàó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í kanlẹ̀kùn pé Àlàó ńkọ́."

Ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan kan lẹ́yìnkùlé, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tó kú, mo dé láti Abẹ́òkúta, mo wọ yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. N kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn gààrí lára aṣọ rẹ̀, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn ilé. Ohùn Rafíù ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹlòmíràn, àti ẹlòmíràn, àwọn ọkùnrin tó ti hu ewú, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bi àbúrò mi léèrè.

"Àlàó ńkọ́?"